Dígí Kan Tí Màmá Sùtánà Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ

"Mà, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n yọ dígí kan yẹn?"

Mo bi Màmá Sùtánà ní ìbéèrè yìí nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní ilé ẹ̀kọ́ girama. N kì í sábà bi àgbàlagbà ní nǹkan. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu kí n tó sọ ọ́ jáde, síbẹ̀ ìgbà tí kò yẹ ni mo sọ ọ́. Màmá wò mí, wọ́n wo ọmọ wọn tó jókòó tì wọ́n, wọ́n wá ní, "Àyànfẹ́, lọ bá mi wò ó bóyá omi orí iná ti hó." Mo lọ wò ó. Kò sí omi kankan lórí iná.

Inísà ni à ń gbé, ilé wa sì kọjú sí ilé Màmá. Ojúọlá ni orúkọ wọn gan-an, ṣùgbọ́n láti Ìkìrun títí dé Òkukù, bí ẹ bá béèrè Ojúọlá, wọn ó bi yín pé Ojúọlá wo. Ẹ béèrè Màmá Sùtánà, ọlọ́kadà ò ní jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀ tí yóò fi ní kí ẹ gùn ún. Aṣọ àdúrà funfun ni wọ́n ń rán fún àwọn ìjọ Aládùúrà, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń rán an.

Mo máa ń rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni, nígbà tó jẹ́ pé àwọ̀ kan ṣoṣo ni. Màmá ló jẹ́ kó yé mi pé funfun ló le jù. Wọ́n ní funfun kì í ṣe ọ̀kan. Funfun tó dà bíi wàrà wà, funfun tó dà bí eyín wà, èyí tí wọ́n fi búlúù ṣan náà tún wà lọ́tọ̀. Bí òwú bá yàtọ̀ sí aṣọ díẹ̀ báyìí, ó lè fara pamọ́ nínú ilé, ṣùgbọ́n tó bá dójú oòrùn, á yọ síta bí ọ̀wọ́ eèrà. Aṣọ funfun ò sì fẹ́ eruku. Bí Màmá bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, eruku títì á bá wọn jókòó. Bí wọ́n bá gbé e wọlé, òkùnkùn ni, torí ilé ayé àtijọ́ ni, fèrèsé rẹ̀ kéré. Iná mànàmáná ní tirẹ̀, bí àlejò ló ń ṣe ní àdúgbò wa. Á yọjú, á kí wa, á ní òun ń lọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Màmá rán sùtánà kan fún alàgbà kan ní Òkukù. Aṣọ náà funfun gbòò. Òwú tó dà bíi wàrà ni wọ́n fi rán an láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọn ò sì mọ̀. Alàgbà wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí pè wọ́n ní Bàbá Onísíìpù, nítorí ìlà tó là wọ́n láàárín. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ dé Èkó kó tó dé Inísà. Èkó ni ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí ń gbé, Àǹtí Fọláfúnmi, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà.

Màmá kì í fi fóònù sétí. Wọ́n á gbé e lé orí tábìlì, wọ́n á sì máa pariwo sí i, nítorí náà gbogbo wa la gbọ́.

"Màmi, ojú yín ò ríran mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ̀rọ yẹn tì, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

"Ojú mi ríran. Ilé ló ṣókùnkùn."

"Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń sọ."

"Kí n wá máa ṣe kí ni l'Ékòó? Kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n, kí tẹlifíṣọ̀n náà máa wò mí?"

Àǹtí ní, "Ó dáa. Bó bá jẹ́ ilé ló ṣókùnkùn lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́ kọ́nsáfétọ̀rì sí ẹ̀gbẹ́ ilé."

"Kọ́ńsítébù? Ọlọ́pàá wo lo fẹ́ kó wá máa gbé nílé mi?"

"Kọ́nsáfétọ̀rì, Màmi! Yàrá tó jẹ́ pé gíláàsì ni wọ́n fi ṣe gbogbo ògiri ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé, eruku ò ní wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá tún rán aṣọ ẹnì kan ṣoṣo tó ní àléébù nínú yàrá yẹn, èmi fúnra mi ni màá wá di ẹrù yín."

"Mo gbà," ni Màmá wí. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ìjọ kan ní Ìkìrun kó iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin fún wọn, mẹ́tàlélógún, fún àjọ̀dún wọn. Àǹtí ní àwọn aṣọ yẹn ni òun máa wá yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá dára, Màmá á wà ní Inísà. Bí wọn ò bá dára, Èkó yá.

Àwọn tó ń ta yàrá náà wà ní Ìkìrun, àwọn tó ń kàn án mọ́lẹ̀ wà ní Òkukù, Inísà sì wà láàárín wọn. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé ibi tí wàhálà máa jókòó sí nìyẹn.

Àlájì Ọlánípẹ̀kun ló wá láti Ìkìrun. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ẹnu wọn ló pọ̀. Wọ́n ṣí ìwé àwòrán ńlá kan síwájú Màmá. Àwọn òyìnbó ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n jókòó sínú yàrá gíláàsì pẹ̀lú òdòdó, wọ́n ń mu tíì. Nǹkan funfun bo gbogbo ilẹ̀ ìta.

Màmá fi ìka kàn án. "Òwú ni wọ́n dà sílẹ̀ báyìí?"

"Yìnyín ni, mà. Ìlú òtútù ni."

"Ṣé ẹ máa bá wa gbé díẹ̀ wá nínú ẹ̀?"

Àlájì rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi fẹ́ jábọ́. Wọ́n ní ooru ò ní mú Màmá, pé páànù làwọn máa fi bo orí rẹ̀, pé àwọn ò ní fi gíláàsì bò ó, pé ìhà ìlà oòrùn ni yóò wà kí ilé lè ṣíji bò ó lọ́sàn-án, àti pé fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì yóò wà lókè. Wọ́n wọn ibẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí Màmá sọ irú gíláàsì tí wọ́n fẹ́ sínú fóònù, kí àwọn lè tọ́jú ohùn náà, kí ìjà má bàa wà lọ́jọ́ iwájú.

Màmá kọjú sí fóònù bí ẹni tó fẹ́ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Àlájì, dígí tí mo lè ríran kedere nínú ẹ̀ ni mo fẹ́ o. Kó má ṣe dúdú. Kó máa dán."

Ohun tó fa ìjà gan-an nìyẹn. Dígí là ń pè é tó bá wà lójú fèrèsé, dígí náà la sì ń pe èyí tí a fi ń wo ojú wa tí a bá fẹ́ fi páúdà sí i. Èyí tó wà lójú fèrèsé ni Màmá ní lọ́kàn. Èkejì ni Àlájì gbọ́. Wọ́n lọ ra irú èyí tó jẹ́ pé ẹni tó bá wà níta, ara rẹ̀ ni yóò máa rí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nínú yóò máa rí ìta.

Bọ́ládélé ni ọ̀gá àwọn tó wá kàn án láti Òkukù. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò sì yọ ọ̀rá tí wọ́n fi bo dígí náà kúrò títí wọ́n fi ṣe tán. Nígbà tí wọ́n ṣí i, gbogbo àdúgbò ti péjọ. Màmá jáde wá wò ó. Wọ́n rí obìnrin àgbà kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá wa yọ̀." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. A rò pé wọ́n ń ṣe àwàdà ni. Màmá náà sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n wọ inú rẹ̀ ni ẹ̀rín tán. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ tíì ló ní. Wọ́n na aṣọ akọrin kan sókè, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti rì í sínú tíì onímílíìkì.

Màmá pe Ìkìrun.

"Mà, tiwa ni ká tà á," ni Àlájì wí. "Ẹ bá àwọn tó kàn án sọ̀rọ̀."

Wọ́n pe Òkukù.

"Màmá, ohun tí wọ́n kó fún mi ni mo kàn," ni Bọ́ládélé wí. "Bí wọ́n bá kó ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ fún mi, òun náà ni màá kàn, màá sì kàn án kó gún."

Wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Ìkìrun. Ìkìrun ní kí wọ́n lọ sí Òkukù. Wọ́n lọ sí Òkukù. Òkukù ní ṣé wọn ò tíì dé Ìkìrun ni. Àlájì tilẹ̀ fi ohùn tí wọ́n tọ́jú sínú fóònù han Màmá. "Ẹ gbọ́ ohùn yín, mà. Dígí tí ẹ lè ríran nínú ẹ̀. Ṣé ẹ ò rí ara yín nínú ẹ̀ ni?"

"Mo rí ara mi. Ṣé ara mi ni mo fẹ́ rán?"

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá báyìí, aṣọ kan ò tíì parí nínú mẹ́tàlélógún. Ojú Màmá ò sì balẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ohùn fóònù.

Kí n má purọ́, inú àwa yòókù dùn. Kò tíì sí nǹkan tó dà bíi yàrá yẹn rí ní àdúgbò wa. Àkùkọ bàbá mi rí àkùkọ mìíràn nínú rẹ̀, ó sì bá a jà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó yí ẹ̀yìn padà, ó kọ, ó wá sílé bí ẹni tó ṣẹ́gun. Adédùntán ọlọ́kadà kì í gbé èrò kọjá kó má dúró ya irun rẹ̀ níbẹ̀. Èrò á máa pariwo lẹ́yìn rẹ̀, "Ìwọ, ṣé ìyàwó lò ń lọ fẹ́ ni?" Láníkẹ́ tó ń ta epo pupa bá ọkọ rẹ̀ jà, ó sì wá síwájú dígí láti kọ́ bí yóò ṣe tọrọ àforíjì. Ó ṣe ojú àánú, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ṣe òmíràn. Ó wá ní, "Àní ṣé èmi ni mo jẹ̀bi gan-an?" Ó bínú lọ sílé.

Gbogbo èyí, inú yàrá ni Màmá wà, tí wọ́n ń wò wọ́n. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wòólì Olúwaṣèyí nìkan ni wọn ò lè mú ẹnu mọ́ fún. Wòólì yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò ni, kò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ju ọwọ́ lórí pẹpẹ. Ó wá síwájú dígí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí títì dá, ó na ọwọ́ òsì, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó di ojú, ó ní, "Báyìí ni Olúwa wí!"

Ohùn kan dáhùn láti inú dígí pé, "Àmín!"

Sùtánà ò jẹ́ kó lè sáré dáadáa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká a sókè, a sì rí i pé ṣòkòtò bọ́ọ̀lù ló wọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Àlájì ń ti ibì kan bọ̀ nínú jàlàbíà funfun gbòò, wọ́n ní kí àwọn yà sọ́dọ̀ Màmá kí àwọn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba kádàrá. Bí wọ́n ṣe ń wọ yàrá náà, àlùmíníọ̀mù ẹnu ọ̀nà fa etí jàlàbíà wọn ya. Wọ́n kígbe. "Àsítágífúrúlà! Mo sì ṣì ń lọ kírun."

"Ẹ má dààmú," ni Màmá wí. "Ṣebí ọ̀dọ̀ aránṣọ lẹ wà. Ẹ jókòó." Wọ́n gbé òwú méjì síwájú wọn. "Ojú àgbà mi ò dá mi lójú mọ́, ẹ̀yin kéré sí mi. Ẹ bá mi mú èyí tó bá aṣọ yín mu."

Àlájì gbé òwú méjèèjì sókè, wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n mú ọ̀kan. "Èyí ni. Ó bá a mu rẹ́gí."

"Ó dá yín lójú?"

"Màmá, gíláàsì ni mò ń tà. Ojú mi mú."

Màmá rán an fún wọn. Àlájì dúpẹ́, wọ́n jáde sínú oòrùn, wọ́n wo ìsàlẹ̀. Ìlà kan tó pupa rúsúrúsú bí eyín ẹni tó ń jẹ obì rìn yí ìdí aṣọ náà ká. Adédùntán tó ń ya irun lọ́wọ́ dúró. Ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o, Àlájì. Ṣé eèrà ló ń gun aṣọ yín ni?"

Àlájì padà sínú yàrá. Wọ́n wo aṣọ náà nínú yàrá, wọ́n jáde wò ó níta. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn wọn ti rọ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín báyìí." Màmá tú òwú náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ sójú oòrùn, wọ́n fi òwú tó tọ́ rán an. Àlájì sì lọ kírun.

Ní ọjọ́ Ajé, Ìkìrun àti Òkukù jọ dé Inísà nínú ọkọ̀ kan náà. Bọ́ládélé ń yọ dígí ìwojú, ó ń fi èyí tó mọ́ gaara bíi omi òjò sí i. Nígbà tó ku ẹyọ kan, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí gbogbo èèyàn ń gbà kọjá, Màmá ní kó fi í sílẹ̀.

"Màmá, tuntun ẹ̀ wà nínú ọkọ̀."

"Mo mọ̀. Fi ìyẹn sílẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Wàhálà tí ẹ bá wa fà lórí ẹ̀ ò kéré o!"

"Bọ́ládélé, ohun tí wọ́n kó fún ẹ lo máa ń kàn. Èyí tí mo fún ẹ nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Màmá fi rán aṣọ mẹ́tàlélógún náà. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀ ni wọ́n fi ń jókòó síbẹ̀. Mo máa ń rí wọn láti ojú fèrèsé wa, tí wọ́n ń gbé aṣọ sún mọ́ ojú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú wọn, tí wọ́n ń fi ìka rìn lórí ojú rírán bí ẹni ń ka ìwé. Lẹ́yìn náà Àǹtí Fọláfúnmi dé láti Èkó. Wọ́n wọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n sì gbé àwọn aṣọ náà síta sínú oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá jókòó, wọ́n ń ṣẹ́ orí òwú. Nígbà tí Àǹtí gbé ìkẹtàlélógún sílẹ̀, wọ́n jókòó ti ìyá wọn, wọ́n ní, "Màmi, mo tọrọ àforíjì. Ilé ló ṣókùnkùn lóòótọ́."

"Mo sọ fún ẹ," ni Màmá wí.

Ìgbà náà gan-an ni èmi wá la ẹnu béèrè dígí tó ṣẹ́kù, tí wọ́n rán mi lọ wo omi tí kò sí.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá. Ní ọdún tó kọjá, Màmá fúnra wọn ló pe Àǹtí, wọ́n ní àwọn kò rí abẹ́rẹ́ mọ́ rárá. Àǹtí gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Òṣogbo. Dókítà ní nǹkan funfun ló bo ẹyin ojú méjèèjì, pé ó ti pẹ́ gan-an, pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ láti bí ọdún mélòó kan. Wọ́n yọ ọ́ fún wọn. Àǹtí sunkún, wọ́n bínú, wọ́n tún sunkún, ṣùgbọ́n wọn ò di ẹrù ẹnikẹ́ni. Màmá padà sí Inísà, sídìí ẹ̀rọ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ wọn aṣọ tí màá wọ̀ ní ọjọ́ tí a máa parí ilé ìwé. Àwa méjèèjì nìkan la wà nínú yàrá náà. Màmá fi téèpù yí èjìká mi ká, wọ́n wá dúró, wọ́n mú mi lágbọ̀n, wọ́n yí ojú mi sápá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Wọ́n wò mí títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí gbóná lẹ́sẹ̀ mi.

"O bi mí ní nǹkan lọ́jọ́ kan," ni wọ́n wí, "iwájú ọmọ mi lo sì ti bi mí. Ká ní mo dá ẹ lóhùn lọ́jọ́ yẹn, Èkó ni ǹ bá wà báyìí. Ẹni tó bá ti jìnnà sí mi díẹ̀ nígbà yẹn, òjìji ni. Ohùn ni mo fi ń mọ̀ yín. Bí gbogbo dígí bá mọ́ gaara, ẹ ó kàn máa kọjá lọ lójú títì ni, òjìji lórí òjìji. Ṣùgbọ́n ti dígí kan yẹn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń gbé ojú yín wá bá mi, tí imú yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Adédùntán ti ń hu ewú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Láníkẹ́ máa ń jinnú bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo àdúgbò ló wá. Ìwọ nìkan ni ò wá, torí ojú ń tì ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbọ́ ‘ẹ káàárọ̀ mà’ rẹ lójoojúmọ́, tí mi ò mọ ojú ẹ, títí wọ́n fi bá mi tún ojú tèmi ṣe."